Ọmọ ń lọ bọ́dìn: òbí ni wọ́n fẹ́ tọ́ ni àbí ọmọ?

Ìyá Àkọ́bí:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọkùnrin mi ti wọ ilé-ìwé ọkùnrin kan tó jẹ́ ti ìjọ. JSS1 ló ń lọ, inú ọgbà ni yóò sì máa gbé. A ti san owó, a ti ra gbogbo nǹkan tí wọ́n kọ fún wa. Àfi bí wọ́n ṣe fi ìwé ìlànà ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ó ju ogójì ojú-ewé lọ! Kò gbọdọ̀ mú fóònù wá. Irun ò gbọdọ̀ gùn. A ò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ sísè wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la lè wá wò ó, aago méjìlá sí mẹ́rin. Oògùn yòówù kó máa lò, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni kó wà. Ìyá àti bàbá sì gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gba ọmọ wọlé.

Ta gan-an la fẹ́ fi sí ilé-ìwé, ọmọ ni àbí àwa? Ẹ̀yin tí ẹ ti la irú rẹ̀ kọjá, èwo la lè bá wọn dúnàádúrà, èwo ni ká gbà bẹ́ẹ̀?

* * *

Háúsì Másítà Àná:

Ìyá Àkọ́bí, ẹ kú oríire. Mo ṣe háúsì másítà ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, àwọn ọmọkùnrin tèmi náà sì gbé inú ọgbà. Òbí ti bínú sí mi, èmi náà sì ti bínú bí òbí. Kí n tó tú ọ̀rọ̀ palẹ̀, ohun tí mo rí rèé: ojú-ewé tí àwọn òbí máa ń jà lé lórí kọ́ ló yẹ kí wọ́n jà lé. Wọ́n á máa pariwo lórí fóònù, Indomie àti irun. Wọ́n á wá fọwọ́ sí ti oògùn, ti ẹni tó lè wá mú ọmọ jáde, àti ti agbára síníọ̀ lórí ọmọ kékeré, láì kà á rárá.

Ẹ rántí pé ilé-ìwé tí ẹ yàn kì í ṣe ti ìjọba. Àwọn ilé-ìwé ọkùnrin àtijọ́ Èkó, CMS Grammar School ti 1859, St Gregory's ti 1928, Ìgbóbì College tí ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní 1932, ìjọba ló ń darí wọn nígbà kan. Ọdún 2001 ni Èkó tó dá wọn padà fún àwọn ìjọ tó ni wọ́n. Ìjọba ṣì ń bẹ irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ wò, àmọ́ ohun tó so òbí àtàwọn pọ̀ báyìí ni owó tí ẹ san àti ìwé tí ẹ fọwọ́ sí. Ẹ ka ìwé yẹn bí ẹni ń ka ìwé ilẹ̀.

* * *

Háúsì Másítà Àná:

Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ti fóònù, torí òun ni ọ̀pọ̀ yín ń bá mi fà. Èrò tó wọ́pọ̀ jù ni ti bàbá kan tó ní, "Ìlú ò dára, ajínigbé wà káàkiri, báwo ni mi ò ṣe ní lè pe ọmọ mi nígbà tó bá wù mí?" Mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n fóònù kì í lé ajínigbé. Ògiri ọgbà, ọdẹ tí kì í sùn, iná tó ń tàn lóru, àwọn nǹkan tó yẹ kí ẹ fojú wá lọ́jọ́ ìwọlé nìyẹn.

Èmi ti rí ohun tí fóònù ń dá sílẹ̀ nínú hóstẹ́ẹ̀lì. Ọ̀kan bá agolo Milo wọlé. Ìyá ọmọ fi ọ̀rá wé e, ó bu Milo bò ó, ó sì lẹ bébà ẹnu agolo padà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò ṣí i rí. Mátírọ́ọ̀nù gbé agolo náà sétí, ó mì ín, ó ní, "Milo yìí mà ní egungun o." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan ìyá ọmọ. Àmọ́ èyí tí a kò bá rí gbà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Kò ní pẹ́ tí síníọ̀ kan á fi mọ̀ pé ọmọ JSS1 yìí ní fóònù. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó mọ àṣírí ló ni ọmọ náà. Ọmọ náà ni yóò máa pọnmi fún síníọ̀, òun náà ni yóò máa ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fi káàdì sí fóònù tí síníọ̀ ń lò.

Kì í sì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba gbé ìtọ́sọ́nà jáde ní Ìńgílándì pé kí àwọn ilé-ìwé má ṣe gba fóònù láàyè láti àárọ̀ títí wọ́n á fi jáde.

Fóònù háúsì, èyí tí ilé-ìwé ní kí àwọn ọmọ máa fi pe ilé, ni kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọjọ́ wo ni ọmọ lè pe ilé? Ìṣẹ́jú mélòó? Ṣé olùkọ́ máa ń dúró tì í? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣe kókó jù. Ọmọ tí háúsì másítà dúró tì, "Mo wà dáadáa, Mummy" ni yóò máa wí láti September títí wọ December. Kí wọ́n jẹ́ kó gbé fóònù dé abẹ́ igi, níbi tí a ó ti máa rí i tí a kò ní máa gbọ́ ohun tó ń sọ.

* * *

Háúsì Másítà Àná:

Ti oúnjẹ, ibẹ̀ ni èmi àti àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi kì í ti í gbọ́ra wa yé.

Ìdí tí ilé-ìwé máa ń kọ sílẹ̀ ni pé oúnjẹ sísè máa ń bàjẹ́. Òótọ́ ni. Ọmọ á fi ìrẹsì ọ̀sán pamọ́ sínú lókà, á jẹ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, inú rírun á wá gba gbogbo yàrá. Ìdí kejì, tí wọn kì í kọ, ni ti ọmọ tí ẹnì kankan ò wá wò. Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, mọ́tò á tò láti géètì dé pápá, wọ́n á ṣí kúlà, òórùn jọlọ́ọ̀fù àti dòdò á gba afẹ́fẹ́ kan. Ọmọ kan á jókòó sórí àtẹ̀gùn háúsì, á ṣí ìwé sílẹ̀, ojú-ewé kan náà ni yóò sì máa wò láti aago méjìlá dé aago mẹ́rin. Lóòótọ́, àwọn ìyá máa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá jẹun, kò sí òfin tó lè dá ìyá Yorùbá lẹ́kun ìyẹn. Àmọ́ ọmọ kan wà tí kì í fẹ́ kí wọ́n pe òun.

Síbẹ̀, n kò rí ìdí tí ọmọ kò fi lè bá ìyá rẹ̀ jẹ àmàlà ní pápá, kó jẹ ẹ́ tán síbẹ̀, kí kúlà sì bá mọ́tò padà sílé. Kí oúnjẹ má wọ hóstẹ́ẹ̀lì ni kí òfin dá dúró lé. Ẹ gbé èyí lọ sí ìpàdé PTA. Ó ṣeé dúnàádúrà, mo mọ ibi tí wọ́n ti yí i padà nítorí pé àwọn òbí fara balẹ̀ sọ ọ́, wọn kò bá olórí ilé-ìwé pariwo.

Àwọn ìyá kan á sọ fún yín pé kí ẹ ra prófíṣọ̀n ní méjìméjì torí síníọ̀ á kó ìdajì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Ẹ ti ń san owó-òde fún ọmọ ọlọ́mọ kí ọmọ yín tó wọlé nìyẹn. Gààrí, ṣúgà, mílíìkì, bíṣíkíìtì díẹ̀ tó máa tó o di ọjọ́ ìbẹ̀wò, ó parí. Lókà tó bá kún àkúnya ni wọ́n máa ń fọ́ àgádágodo rẹ̀.

* * *

Háúsì Másítà Àná:

Ti irun: ẹ gé e. Yóò tún hù. Ẹ ṣáà gé e nílé kó tó wọlé, torí kílípà kan tí wọ́n fi ń gé ti odindi háúsì láì fi spírítì nù ún, làpálàpá ni yóò kó ran gbogbo wọn.

* * *

Bàbá Croydon:

Ẹ̀yin ń jà lórí gààrí! Ilé-ìwé ọkùnrin aládàáni ni ọmọ tèmi wà, ní gúúsù London níbí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025 ni ìjọba ti fi VAT, ìyẹn owó orí ọjà, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ilé-ìwé. Mo fẹ́ yọ ọ́, wọ́n ní kí n kọ ìwé sílẹ̀ ní táàmù kan ṣáájú, àbí kí n san owó táàmù yẹn. Wọ́n tún ní irun dídì rẹ̀ ò bá ìlànà mu. Ó ń ṣe mí bíi kí n fi ránṣẹ́ sílé kí irú yín bá mi tọ́ ọ.

* * *

Háúsì Másítà Àná:

Ẹ̀gbọ́n Croydon, ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ dì pọ̀.

Ti ìwé táàmù kan ṣáájú, ẹ ti fọwọ́ sí i. Bó ṣe wà ní ilé-ìwé aládàáni lọ́dọ̀ yín nìyẹn, ó sì ti ń wọ ìwé ìlànà nílé níbí náà. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí táàmù tí ọmọ máa lò kẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀, kódà bí ọkàn yín kò bá tíì dúró sójú kan. Àwọn ilé-ìwé kan máa ń gba ìwé pé "ó ṣeé ṣe kí ọmọ yìí má padà", ẹ béèrè bóyá tiyín ń gbà á.

Ti irun, ẹ má tíì gbé sísọ́ọ̀sì. Ní 2011, ilé ẹjọ́ gíga níbẹ̀ dá ilé-ìwé kan ní Harrow lẹ́bi. Wọ́n dá ọmọkùnrin kan padà ní géètì nítorí irun dídì, bẹ́ẹ̀ irun náà jẹ́ àṣà ìdílé rẹ̀. Adájọ́ ní ẹ̀tanú ẹ̀yà ni, ilé-ìwé kò sì rí àwíjàre tó tó. Ní October 2022, EHRC, àjọ tó ń mójú tó ìdọ́gba ẹ̀tọ́, tún kọ ìtọ́sọ́nà fún àwọn ilé-ìwé lórí irun. Òfin ìdọ́gba ọdún 2010 sì de ilé-ìwé aládàáni náà. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ṣebí èmi yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí Ìyá Àkọ́bí gé ti ọmọ rẹ̀. Nílé níbí, irú irun kan náà ló wà lórí gbogbo wọn, òfin yẹn kò dojú kọ ìran ẹnikẹ́ni.

Ti pé kí ẹ fi ọmọ ránṣẹ́ sílé, mo ti gba irú wọn sí háúsì mi. Àwọn kan ṣe dáadáa, wọ́n tilẹ̀ di prífẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ àwọn tí wọ́n tàn wá, tí wọ́n sọ fún pé ọlidé ni, tí wọ́n wá bá ara wọn lórí bọ́ǹkì nínú ọgbà tí pásípọ́ọ̀tù wọn sì ti bá bàbá wọn lọ, n kò rí èyí tí inú rẹ̀ yọ́ sí bàbá rẹ̀ títí tó fi jáde. Bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ sọ fún un kó tó wọ bàálù.

* * *

Háúsì Másítà Àná:

Mo ti ń retí kí ẹnì kan béèrè nípa oògùn. Ẹnikẹ́ni ò béèrè.

Kí oògùn wà ní síìkì béè, yàrá ìtọ́jú tí nọ́ọ̀sì wà, òfin tó dára ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó bá ní Paracetamol nínú lókà, á pín in fún ọ̀rẹ́ bíi súìtì. Ọ̀rọ̀ "oògùn yòówù" yẹn ni kí ẹ dá dúró. Ọmọ tó ní ásímà, àpò rẹ̀ ni ínhélà gbọ́dọ̀ wà, tọ̀sán-tòru. Síìkì béè sábà máa ń wà ní òdìkejì pápá, ìlẹ̀kùn rẹ̀ á wà ní títì lóru, nọ́ọ̀sì á sì ti sùn. Ọmọ tí èémí ń fún kò lè sáré gba pápá kọjá lọ kan ìlẹ̀kùn. Ẹ má fọwọ́ sí i títí wọ́n á fi kọ "àyàfi ínhélà" síbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti SS, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn sìkúlà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, tí àrùn náà kì í ṣe é àmọ́ tó lè bí ọmọ SS bí ó bá fẹ́ AS bíi tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí fọ́ọ̀mù ìwọlé fi ń béèrè jínótáìpù. Ọmọ tó bá jẹ́ SS ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́: fólíkì, àti èyí tí wọ́n fi ń dènà ibà. Ó gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa. Òtútù lè gbé ìrora rẹ̀ dìde. Ẹ wá gbé ìyẹn ka orí òfin inú ọgbà: omi tútù ni wọ́n fi ń wẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ọyẹ́ ìbáà mú. Kò gbọdọ̀ gbé ike omi wọ kíláàsì. Bó bá ṣẹ̀, koríko ni yóò gé nínú oòrùn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó burú fún ọmọ tó le koko, gbogbo wọn ló lè gbé ọmọ SS dé ilé ìwòsàn. Ẹ béèrè kí wọ́n yọ ọmọ yín sílẹ̀ nínú wọn, lórí ìwé, kí háúsì másítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ eré ìdárayá sì ní ẹ̀dà tiwọn lọ́wọ́.

Ìyá kan wà tó kọ AA síbi tó yẹ kó kọ SS. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ òun ní sìkúlà. Ìgbà ọyẹ́, ọmọ náà ń yí gbirigbiri lórí sìmẹ́ńtì láàárín òru, ó di ẹsẹ̀ mú, ibà ni nọ́ọ̀sì sì ń tọ́jú, torí ohun tó wà nínú fáìlì ló gbà gbọ́. Ilẹ̀ ti mọ́ ká tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó yè é, a dúpẹ́. Ẹ kọ òótọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì béèrè ẹni tó máa rí fọ́ọ̀mù náà. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ rí i. Prífẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ rí i.

* * *

Ọmọ Ọgbà Àtijọ́:

Ẹ ti ń ba àwọn ọmọ yìí jẹ́. A fọ aṣọ síníọ̀, a pọnmi, a kúnlẹ̀ fi apá sókè. A ò kú. Òun náà ló sọ wá dọkùnrin.

* * *

Háúsì Másítà Àná:

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ ọ́. Ẹni tó ní òun ò kú, òun ló ṣẹ́ kù láti sọ ọ́ náà nìyẹn. Àwọn tó ti inú ọgbà sá padà sílé ní JSS2, àwọn tí etí wọn kan di nítorí ìgbátí, wọn kì í wá sí ibi àpèjẹ àwa tí a ṣe tán.

N kò sọ pé kí ọmọ má gbálẹ̀. Kó gbálẹ̀, kó fọ aṣọ ara rẹ̀, kó tẹ́ ibùsùn rẹ̀, kó kí àgbà. Àmọ́ kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún máa na ọmọ ọdún mọ́kànlá lóru nítorí pé omi rẹ̀ kò gbóná tó, irú iṣẹ́ wo ni ìyẹn ń kọ́ni? Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àṣà tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó ni, òyìnbó yẹn ti fi òfin gba ẹgba lọ́wọ́ olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni ní Ìńgílándì láti 1999. Nílé níbí náà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé wà láti 2003, Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007.

Ìyá Àkọ́bí, ẹ wá a nínú ìwé yẹn. Bí ẹ bá rí "akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí síníọ̀ lẹ́nu nígbà gbogbo" láìsí gbólóhùn tó sọ ohun tí síníọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe, aláìpé ni ìwé náà. Ẹ bi wọ́n: àgbàlagbà mélòó ló ń sùn nínú háúsì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe nínú ọgbà o, nínú háúsì gan-an? Ṣé prífẹ́ẹ̀tì lè fìyà jẹ ọmọ láì sọ fún olùkọ́? Ṣé àwọn JSS1 ní yàrá tiwọn? Bí wọ́n bá na ọmọ mi, ta ni yóò sọ fún mi, láàárín wákàtí mélòó? Olórí ilé-ìwé tó bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí láì bínú, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Èyí tó bá rẹ́rìn-ín tó ní "Madam, ọkùnrin ni wọ́n o", ẹ tún ìpinnu yín rò.

* * *

Àǹtí Àgbà:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì sọ ti kí bàbá àti ìyá jọ fọwọ́ sí i. Èmi àti bàbá ọmọ ò gbé pọ̀ mọ́ o.

* * *

Háúsì Másítà Àná:

Ẹ ṣeun tí ẹ rán mi létí. Ó kan ọ̀rọ̀ ẹni tó lè wá mú ọmọ jáde. Ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ń lọ míídì-táàmù ni ẹ ó mọ ìwúlò rẹ̀. Mọ́tò kún ìta, gbogbo ọmọ ń sáré, ọkùnrin kan dé tó ní, "Bùọ̀dá rẹ̀ ni mí, mọ́mì ló rán mi." Ọmọ fúnra rẹ̀ á ní òun mọ̀ ọ́n, torí ó fẹ́ lọ sílé. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é dáadáa, káàdì tó ní fọ́tò ni, orúkọ ẹni mẹ́ta péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ á jókòó síta títí wọ́n á fi pe òbí lórí nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì. Nọ́ńbà tí ẹni yẹn bá fún wọn kò ní láárí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pínyà, ẹ fi bó ṣe rí gan-an tó ilé-ìwé létí. Bí ìwé kóòtù bá wà lórí ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ ń gbé, ẹ fún wọn ní ẹ̀dà. Bí kò bá sí, ẹ má ní kí háúsì másítà bá yín lé bàbá ọmọ ní géètì. Wọ́n ti fi mí sí irú ipò yẹn rí, bàbá dì í lọ́wọ́ ọ̀tún, ìyá dì í lọ́wọ́ òsì, gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ náà ń wo wọ́n lójú fèrèsé.

* * *

Ìyá Àkọ́bí:

Ẹ ṣeun gan-an ni, bàbá. Ọkọ mi ti wá jókòó kà á. Ní ojú-ewé tó kẹ́yìn, ó bá a pé "ilé-ìwé kò ní dáhùn fún ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ". Ó ní òun ò ní fọwọ́ sí i. Èmi ò sì fẹ́ kí ọmọ pàdánù ààyè rẹ̀.

* * *

Háúsì Másítà Àná:

Ọkọ yín ka ibi tó yẹ kó kà. Wọn ò lè gba ọmọ sọ́wọ́ kí wọ́n tún ní ohun tó bá ṣe é kò kan àwọn. Bí ó bá jẹ́ pé fóònù tàbí aago tó sọnù ni wọ́n ní lọ́kàn, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "dúkìá olówó ńlá tí ọmọ mú wá láì gba àṣẹ". Ẹ bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni bọ́sà, akápò ilé-ìwé, máa ń gbà, torí inú ìwé ilé-ìwé mìíràn ni wọ́n ti da gbólóhùn yẹn kọ. Bí wọ́n bá kọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò. 

Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ sínú lẹ́tà kan ṣoṣo: oògùn, fóònù háúsì, orúkọ àwọn tó lè mú un jáde, ìbéèrè lórí síníọ̀. Ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan fún yín kí ẹ mú un lọ sílé. Ẹ má mẹ́nu kan Indomie nínú lẹ́tà náà.

Lọ́jọ́ ìwọlé, ẹ tètè dé kí èrò tó pọ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, yóò ti rẹ mátírọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀ pẹ́ ju olórí ilé-ìwé lọ.